Òfin Ẹni Tí Kò Sí Níbí

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà yín."

Ọkùnrin tí Abọ́sẹ̀dé ń bá wí kò gbójú sókè. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí eyín ń dùn, ó sì kọjú sí fèrèsé bí igbó Ìkìrun ti ń sáré kọjá. Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń mì. Òkè orí rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ panumọ́ rọ̀ sí. Panumọ́ kò tóbi ju igbá ìmumi lọ, ojú kan ṣoṣo ló ní, ojú náà sì pọ́n. Bí ojú panumọ́ bá ti pọ́n báyìí, kò sí fóònù tó lè ké nínú yàrá ọkọ̀ náà, kò sì sí èyí tó lè gbọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, fìlà ni mo sọ."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Abetí ajá ni, abẹ́ etí rẹ̀ ọ̀tún ló sì fi òrùka fóònù rẹ̀ pamọ́ sí. Àwọn tó jókòó nítòsí rẹ́rìn-ín sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó ní Gbádégẹṣin lòun ń jẹ́, òun kì í ṣe arúfin, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá panumọ́ ń ṣiṣẹ́ ni. Abọ́sẹ̀dé bi í pé, bí fóònù kò bá lọ, ta ni ó wá ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti kúrò ní Ọ̀fà.

"Panumọ́ ni mo ń bú, Màmá."

"Ó ti gbọ́. Ẹ fi òrùka yín sápò."

Ó fi í sápò. Abọ́sẹ̀dé padà sí ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó tún ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tí ó fi ń pàṣẹ fún panumọ́ ṣe, ó sì tẹ́tí sí yàrá kẹta ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ bí ìyá ti ń tẹ́tí sí ọmọ tó ń sùn.

Òkè ilẹ̀kùn náà ni wọ́n kọ òfin sí, bí wọ́n ti kọ ọ́ sí gbogbo ọkọ̀, gbogbo ọjà àti gbogbo ilé ìwòsàn láti Ọ̀fà dé etí òkun: ẸNI TÍ KÒ SÍ NÍBÍ KÒ GBỌDỌ̀ GBA Ọ̀RỌ̀ LẸ́NU ẸNI TÓ WÀ NÍBÍ. Kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá mọ̀ ọ́n lórí. Ẹni méjì tó jókòó tira wọn lè sọ̀rọ̀ títí ẹnu yóò fi gbẹ. Wọ́n lè jiyàn, wọ́n lè pàlọ́, wọ́n lè bi ara wọn léèrè ìlú àti ìdílé. Ẹni tó wà ní ìlú mìíràn ni kò láyè láàárín wọn.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé máa ń sọ bí ayé ti rí kí panumọ́ tó dé. Nínú bọ́ọ̀sì kan náà, ọkùnrin kan á máa lérí sí onílé rẹ̀ létí ọ̀tún ẹni, obìnrin kan á máa ro ẹjọ́ inú rírun fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí òsì, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì máa búra pé òun ti dé Ṣágámù nígbà tí bọ́ọ̀sì kò tíì jáde ní Ìbàdàn. Gbogbo èrò á mọ̀ pé irọ́ ni, wọn á sì dákẹ́. Abọ́sẹ̀dé kórìíra òfò. Òfò tó burú jù lójú rẹ̀ ni kí ogójì ènìyàn jókòó pọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún tí ẹ̀gbà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ kì í dùn tó ìgbà tó bá ń gbọ́ ohùn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ àwọn àjèjì tí wọ́n ń di ojúlùmọ̀.

Lórí ìjókòó tó kọjú sí Gbádégẹṣin, irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń fìdí múlẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Òjélabí. Agbádá ẹtù ló wọ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìgò oyin kan mọ́lẹ̀ kó má baà yí. Nọ́ọ̀sì kan ló jókòó tì í, obìnrin sísanra tí kì í jẹ́ kí ìbéèrè kan tutù kó tó gbé òmíràn ka iná. Nígbà tí bàbá náà wọ ọkọ̀ ní Ọ̀fà, ó ti kọ́kọ́ dúró níwájú Abọ́sẹ̀dé, ó wo panumọ́ lókè, ó wo ẹ̀gbà rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti mú òfin yìí dé bọ́ọ̀sì oko ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà tí wọ́n mú un débẹ̀, ilé tèmi ì bá tòrò." Abọ́sẹ̀dé ti dúpẹ́, kò bi í léèrè. Kì í bi èrò léèrè.

Ọkọ̀ dúró lójijì.

Kò rọra dúró bí ó ti máa ń ṣe ní ibùdókọ̀. Ó fà sẹ́yìn, ìgò oyin yí, Gbádégẹṣin sì bẹ̀rẹ̀ gbá a mú kó tó fọ́. Orí afárá ni wọ́n wà, omi ń ṣàn nísàlẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní awakọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá èrò sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ń gbá ojú irin ti ṣubú dábùú ọ̀nà níwájú, pé àwọn tí yóò gbé e kúrò ti ń bọ̀ láti Òṣogbo, pé kí èrò má ṣèyọnu, oòrùn kò ní kàtàrí kí àwọn tó tún gbéra. Ó ní ilẹ̀kùn kò ní ṣí lórí afárá.

Àwọn èrò mí kanlẹ̀, wọ́n tún ìjókòó ṣe. Ẹnì kan mú ẹ̀pà jáde, ó sì ń pín in. Bàbá Òjélabí nìkan ló dìde dúró.

"Ṣé a lè dé Ẹdẹ kí oòrùn tó ga?" ó bi Abọ́sẹ̀dé.

"Rárá, Bàbá. Bóyá lọ́sàn-án."

Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ìjókòó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí nọ́ọ̀sì ti ń wá láti Ọ̀fà láì rí i.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní, Àyọ̀ká. Ní ọdún méje sẹ́yìn, Àyọ̀ká pè é lórí fóònù láti inú bọ́ọ̀sì oko kan tí òfin kò tíì dé, pé òun ti rí ọkọ. Kò wá sílé, kò kúnlẹ̀. Bó ti ń sọ ọ́, àwọn kan ń jà lẹ́yìn rẹ̀ nítorí àpò gaàrí, ẹnì kan ń kọrin, ẹlòmíràn ń pariwo orúkọ ibi tó fẹ́ bọ́ sí. Orúkọ ọkọ ọmọ rẹ̀, bàbá náà kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì, ariwo gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ju fóònù náà sínú kànga, láti ọjọ́ náà kò ra òmíràn, kò sì bá Àyọ̀ká sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, àwọn àbúrò rẹ̀ ló jókòó sípò bàbá.

Àyọ̀ká ti wá bímọ báyìí. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ gbé káàdì wá láti Ẹdẹ, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní òun ni ìyá ọmọ fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Ó gba káàdì, ó ní, "Mo gbọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lọ láì mọ̀ bóyá yóò wá. Òní ni ọjọ́ kẹjọ.

"Orúkọ náà wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá," ó ní. "Bí oòrùn bá ga tí wọn kò rí mi, wọ́n á sọ ọ́ láìsí mi. Ọmọ mi á ní mo kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn kò ní tán láyé mi." Ó wo panumọ́. "Ọmọ mi, bá mi ṣí i."

Gbogbo ojú yí sí Abọ́sẹ̀dé.

Òótọ́ ni pé ó lè ṣí i. Ohun méjì ni òfin fi àyè sílẹ̀ fún, ikú àti àìsàn, lẹ́ẹ̀kan ní ìrìn àjò kan, fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan tán. Ohun tí ẹni náà bá sì sọ, ẹnu panumọ́ ni yóò gbà jáde kí gbogbo èrò gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní gbangba, ti gbangba ni. Abọ́sẹ̀dé ti ṣí i lẹ́ẹ̀mejì rí, ọ̀kan fún ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ọ̀kan fún aboyún tí omi rẹ̀ ya. Ìsọmọlórúkọ kì í ṣe ikú, kì í ṣe àìsàn. Àwọn tó ṣòfin kò rò pé ayọ̀ lè ká ènìyàn mọ́ orí afárá.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní kí Màmá jẹ́ kí òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá. Ẹni tó ti bínú fún ọdún méje, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè wà nílẹ̀. Kí Abọ́sẹ̀dé ṣáà sọ fún panumọ́ pé àìsàn ni, òun yóò jẹ́rìí. Àwọn èrò gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní kò sírọ́ níbẹ̀, ara ta ni ó yá tán pátápátá.

"Èmi kò ní purọ́ fún un," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

"Ẹ̀rọ ni, Màmá," Gbádégẹṣin ní. "Kì í ṣe àna yín."

"Àwọn tó ń sọ pé àwọn ti dé Ṣágámù náà, ẹ̀rọ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí."

Abọ́sẹ̀dé dìde, ó rìn dé òpin yàrá ọkọ̀ náà, ó dúró wo omi lójú fèrèsé. Ó mọ ohun tó wà níwájú òun. Ẹni tó bá ṣí panumọ́ láìtọ́, wọn á bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbà kì í sì í sábà padà sí ọwọ́ tí wọ́n bá ti bọ́ ọ. Kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ òmíràn. Bí ó bá sì ṣí i lónìí fún ìsọmọlórúkọ, lọ́la wọ́n á ní kó ṣí i fún ọjọ́ ìbí, lọ́tùn-únla fún ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Báyìí ni ariwo ṣe ń padà wọlé, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Bí ó ti yí padà láti sọ pé rárá, ó rí bàbá náà. Kò jókòó. Kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó ti gba ìgò oyin lọ́wọ́ Gbádégẹṣin, ó ń fi etí agbádá ẹtù rẹ̀ nu erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń nu ún bí ẹni pé wọ́n ń dúró de ìgò náà níbì kan. Abọ́sẹ̀dé tún ka òfin orí ilẹ̀kùn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti kà á gbẹ̀yìn. Òfin náà kò ju pé kí ènìyàn wà níbi tó yẹ kó wà. Ọkùnrin yìí ń fi gbogbo ara wá bí yóò ṣe wà níbẹ̀.

Ó padà wá bá a. Ó ní òun yóò ṣí i. Ó ní kí ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ife omi kan ni, kì í ṣe ìkòkò. Ohun kan ṣoṣo ni kó sọ: mo ń bọ̀, ẹ dúró dè mí. Ó mú un sọ ọ́. Ó mú un tún un sọ. Bàbá náà ń wí i tẹ̀lé e bí ọmọ ilé kéú, àwọn èrò sì ń mi orí. Gbádégẹṣin yọ òrùka rẹ̀ lápò, ó fi í sí i lọ́wọ́, ó tẹ nọ́ńbà tó wà lórí káàdì ìsọmọlórúkọ fún un, ó ní, "Bàbá, òrùka arúfin ló wúlò lónìí o."

Abọ́sẹ̀dé gbé ẹ̀gbà sẹ́nu.

"Kí ni ìdí?" panumọ́ bi í. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ìsọmọlórúkọ."

"Kò sí nínú òfin."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n ṣí i?"

"Ṣí i."

Ojú pupa náà di àwọ̀ ewé. Fóònù ké ní Ẹdẹ, gbogbo yàrá ọkọ̀ sì gbọ́ ọ. Ohùn obìnrin àgbà kan dáhùn, àwo ń ró lẹ́yìn rẹ̀. Àṣé nọ́ńbà ìyá ọkọ Àyọ̀ká ni wọ́n kọ sórí káàdì.

"Ta nìyẹn o?"

"Òjélabí ni, láti Ọ̀fà."

Àwo dákẹ́. "Bàbá wa? Bàbá Àyọ̀ká? Ẹ káàárọ̀ sà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà o."

Bàbá Òjélabí lanu. Abọ́sẹ̀dé ń fi ètè sọ ọ́ fún un láì dún: mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà lórí ìkúnlẹ̀ ní Ẹdẹ.

"Ẹ dìde, ìyá wa, ẹ dìde ńlẹ̀. Ṣé dáadáa la jí? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ẹ kú ewu ọmọ. Bàbá ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà sà, wọ́n ń kí yín."

"Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní ó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́?"

"Ó ti fúyẹ́ sà, a dúpẹ́."

"A dúpẹ́ o. Àna mi kékeré ńkọ́? Àwọn ìyàwó ilé ńkọ́, gbogbo wọn? Ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú àlejò. Ẹ kú wàhálà iná àti omi."

Nọ́ọ̀sì fà á lágbádá. Gbádégẹṣin ní, "Bàbá, ẹ sọ ọ́." Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè sí wọn láì wo ẹ̀yìn, bí a ti ń dá àwọn ọmọdé lẹ́kun nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀.

"Ohun tí mo torí rẹ̀ pè, ìyá wa, ni pé..."

Ojú panumọ́ pọ́n.

Ife omi ti tán. Ní ìsàlẹ̀ afárá, omi ń ṣàn lọ ní tirẹ̀. Bàbá náà wo òrùka inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó mì í, ó tún gbé e sétí.

"Ẹsẹ̀ lẹ kí, Bàbá," ni Gbádégẹṣin wí níkẹyìn. "Ẹ kí ẹsẹ̀ bàbá onílé, ẹ wá fi ọmọ sílẹ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà sì wolẹ̀.

Inú bí Abọ́sẹ̀dé. Ó ti fi iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún ra ife omi kan, wọ́n sì ti dà á sílẹ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ bàbá náà pé kí ló dé, ṣebí àwọn ti jọ wí i, ṣebí ó sọ ọ́ débi pé ó mọ̀ ọ́n.

Bàbá náà wò ó, ìdààmú wà lójú rẹ̀ ní tòótọ́. "Ìyá ọkọ ọmọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Abọ́sẹ̀dé wo nọ́ọ̀sì, ó wo àwọn èrò, ó sì rí i lójú wọn pé kò sẹ́ni tó lè ṣe é nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ òun náà ni, òun á kí obìnrin náà débi ewúrẹ́ orí ààtàn. Ó jókòó tì í. Nígbà tí ẹ̀pà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bó díẹ̀, ó sì fi sí bàbá náà lọ́wọ́.

Oòrùn ti ga kí ọkọ̀ tó gbéra. Ní Òṣogbo, Ọ̀gá Láoyè, olórí àwọn tó ń ṣọ́ panumọ́, ti ń dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá kẹta, nítorí panumọ́ kì í pa àṣírí mọ́. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, Abọ́sẹ̀dé sì mọ̀ pé kò fẹ́ ṣe ohun tó wá ṣe. Ó ní òun ti gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, kíkí ni òun gbọ́.

"Ara bàbá náà kò yá, àbí?"

"Ara rẹ̀ yá, sà."

"Abọ́sẹ̀dé, mo ní, àárẹ̀ kò hàn lójú rẹ̀ rárá?"

"Ojú rẹ̀ ń dán, sà."

Ọ̀gá Láoyè mí kanlẹ̀, ó tẹ́wọ́. Abọ́sẹ̀dé bọ́ ẹ̀gbà náà, ó fi sí i lọ́wọ́. Àpá funfun kan yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká níbi tí oòrùn kò ti dé fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀gá ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí rẹ̀, kí ó máa lọ sílé sinmi. Obìnrin mìíràn wọ yàrá kẹta láti gba ipò rẹ̀.

Ilé Abọ́sẹ̀dé kò jìnnà sí ibùdókọ̀ náà. Ó dojú kọ ọ̀nà ilé, ó sì rò ó: ó ti fi ẹ̀gbà rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí ó fi í rà kò sì tíì tẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kò lè fi í sílẹ̀ báyẹn kó bàjẹ́. Bí bàbá náà bá dé Ẹdẹ lóun nìkan, ta ni yóò gbà á gbọ́ pé ó gbìyànjú? Ó padà wọ ọkọ̀, ó jókòó ti Bàbá Òjélabí gẹ́gẹ́ bí èrò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òun náà wà lábẹ́ panumọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì sún fún un, ó sì bi í léèrè ìlú ìyá rẹ̀ kó tó dé Ẹdẹ.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, òjìji ènìyàn ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀. Ní oríta tó lọ sí ilé náà, bàbá dúró. Ó ní wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tí a bá gbé dé lẹ́yìn ayẹyẹ, ìnagijẹ ni. Ó ní kí àwọn padà.

"Bàbá, ẹ̀gbà mi ni mo fi ṣí ọ̀nà yìí," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Ẹ máa lọ."

Ó lọ.

Ilé náà dákẹ́. Ẹni tó mọ ilé ìsọmọlórúkọ mọ̀ pé kò yẹ kó dákẹ́. Àwọn ènìyàn jókòó lábẹ́ ibòji, wọ́n wọṣọ, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn. Oúnjẹ wà lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dé lé. Iyọ̀, orógbó àti obì wà nínú abọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Obìnrin àgbà kan dìde láti àárín wọn, bí ó sì ti rí agbádá ẹtù, ó kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀.

"Mo sọ fún wọn," ó ní. "Mo ní wọ́n ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ìyá ọkọ náà rò ó fún wọn. Nígbà tí fóònù gé, ọkọ rẹ̀ ní bàbá ti kí àwọn, ó ti ṣe tirẹ̀, kí àwọn bẹ̀rẹ̀. Àyọ̀ká ti ń sunkún. Ó ní bàbá òun bi gbogbo ilé léèrè, ó bi ẹsẹ̀ léèrè, kò bi òun tí ó bí. Ìyá ọkọ ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ti rí ẹni tó ń bínú, kì í kí àna dé ìdí iná àti omi. Ẹni tí kò ní wá ni ì bá ní kí àwọn bá òun kí ọmọ òun. Ẹni tó kí gbogbo ilé tó sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ kí i ni. Ó ní kí wọ́n bo oúnjẹ. Àwọn àlejò ráhùn, oòrùn ga, ó jókòó ti abọ́ iyọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn.

Abọ́sẹ̀dé tó ti múra ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ láti Òṣogbo rí i pé kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀. Ó gbé e mì.

Àyọ̀ká jáde láti inú ilé pẹ̀lú ọmọ lápá. Ó gbé ọmọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì wolẹ̀. Àwọn ènìyàn wo ibòmíràn kí wọ́n má baà dójú tì í.

"Ọjọ́ tí o pè mí láti inú bọ́ọ̀sì," ni Bàbá Òjélabí wí, "ariwo pọ̀ níbi tí o wà. N kò gbọ́ dáadáa. Kí ni o ní o fẹ́ sọ?"

Àyọ̀ká gbójú sókè. "Mo ní mo ti rí ọkọ, Bàbá mi."

"O ṣeun. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ọkùnrin kan ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn Àyọ̀ká, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó dárúkọ ara rẹ̀. Bàbá náà tún orúkọ náà pè lẹ́ẹ̀kan, ó pè é dáadáa, ó sì ní kí ó dìde.

Wọ́n ṣí oyin. Bàbá Òjélabí gba ọmọ náà, ó tọ́ oyin sí i lẹ́nu, ó sì tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ etí kékeré náà, ó sọ orúkọ tí ó ti gbé láti Ọ̀fà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ débi pé ọmọ nìkan ló gbọ́. Àyọ̀ká ló tún kàn, ìyá ọkọ tẹ̀lé e, orúkọ náà sì ń rìn láti ẹnu dé etí yí gbogbo àgbàlá ká. Abọ́sẹ̀dé jókòó létí ẹní, ó ń retí rẹ̀. Inú rẹ̀ tòrò. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó, wọn á bi í, yóò sọ òótọ́ fún wọn, bí wọ́n bá dá ẹ̀gbà padà kí wọ́n dá a padà.

Orúkọ náà ku ẹni kan kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí fóònù kan ké.

Ilé ẹni ni, panumọ́ kò sí níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn wo ibi tí ìró ti wá. Ọmọge kan ń tú inú àpò rẹ̀, ojú ń tì í. Ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé ti dìde fúnra rẹ̀ sí ẹnu kó tó rántí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àpá funfun ni. Bàbá Òjélabí ń wò ó láti ìkángun kejì ẹní, ó ń dúró de ohun tí yóò sọ.

"Gbà á, ọmọ mi," ni Abọ́sẹ̀dé wí fún ọmọge náà. "Ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí wa ni."